Charles Kettering: Ẹni Tó Gba Irin Afọwọ́yí Lọ́wọ́ Awakọ̀

Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lónìí, tó yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, kì í sábà rántí pé ìgbà kan wà tí ṣíṣáná sí ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin alágbára, tó sì jẹ́ iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn àgbà awakọ̀ tó wa ọkọ̀ akẹ́rù láyé àtijọ́ mọ irin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Irin gígùn tó ká ní ìgbọnwọ́ méjì ni. Wọn a ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò tó wà níwájú ọkọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a sì fi tagbára-tagbára yí ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbaná. Bí iná bá ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì kí àkókò rẹ̀ tó tó, ẹ́ńjìnì yóò ta padà sẹ́yìn, irin náà yóò sì gbá ẹni tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ọrùn ọwọ́ ló ti ṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, àgbọ̀n àwọn mìíràn sì fọ́. Ẹni tó mú ewu yìí kúrò lọ́rùn awakọ̀ ni Charles Franklin Kettering, ọmọ àgbẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Ohio ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1876 ni a bí i, ní oko kan nítòsí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Loudonville. Láti ìgbà èwe ni ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá kàwé pẹ́ díẹ̀, orí fífọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì di dandan kí ó pa ìwé dé. Síbẹ̀, ìwé ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ abúléko kan, níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń jókòó pọ̀ sínú yàrá kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ló wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Kò pẹ́ tí àìsàn ojú yìí fi lé e kúrò níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá padà sí oko bàbá rẹ̀. Kettering kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ihò, tí wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń ta wáyà tẹlifóònù káàkiri ìgbèríko. Iṣẹ́ gbangba yìí fún ojú rẹ̀ ní ìsinmi, ó sì tún jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ iná mànàmáná kí ó tó kà á tán nínú ìwé. Nígbà tí ara tù ú, ó padà sí yunifásítì. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ka ìwé sí i létí, òun a sì máa gbọ́. Ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ oníná ní ọdún 1904, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́.

Ní ọdún yẹn kan náà ló gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ National Cash Register ní ìlú Dayton. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó, irú èyí tí à ń rí lórí tábìlì àwọn ilé ìtajà ńláńlá, tí àpótí owó máa ń já jáde lábẹ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni olùtajà fi ń yí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kí ó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí Kettering fi iná mànàmáná rọ́pò ọwọ́ ènìyàn. Níbi iṣẹ́ yìí ni òye tó sọ ọ́ di olókìkí ti yé e, ó sì yẹ kí á dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí òye kan náà ló ń yí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa láràárọ̀.

Ẹ̀rọ oníná tó lè yí irin tó wúwo láti òwúrọ̀ di alẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi. Bí a bá fi ẹ̀rọ kékeré sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò gbóná, yóò sì jó. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nìyẹn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kettering wo àpótí owó, ó sì rí i pé kì í gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ kí ó tó ṣí. Ó rò ó pé a lè di ẹrù tó ju agbára ẹ̀rọ kékeré lọ rù ú, bí a bá ti lè tètè sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí ẹ̀rọ sì rí àyè tutù kí ó tó tún gbé òmíràn. Alábàárù mọ èyí láìkàwé. Ó lè ru àpò ìrẹsì láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu ìsọ̀ ní Sábọ̀n Gàrí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbà láti rù ú láti Kánò lọ sí Sáríà. Ní ọdún 1906, ẹ̀rọ ìgbowó oníná ti wà, ẹ̀rọ kékeré ló sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kan wà ní ilé-iṣẹ́ náà tí ń jẹ́ Edward Deeds. Òun ló fa ojú Kettering sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Nínú abà tó wà lẹ́yìn ilé Deeds ní Dayton ni Kettering àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti iṣẹ́ oṣù dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni ọ̀nà tuntun láti mú iná ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, ilé-iṣẹ́ Cadillac ní ìlú Detroit sì rà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1909, Kettering fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, òun àti Deeds sì dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Delco, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ríwáyà tiwa ti rí lára bátìrì àti ẹ̀rọ ọkọ̀ láìmọ̀ pé inú abà ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Olórí ilé-iṣẹ́ Cadillac nígbà náà ni Henry Leland. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Byron Carter, tí òun náà ń ṣe ọkọ̀ tà. Wọ́n ròyìn pé Carter bá obìnrin kan lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ kú, ó bọ́ sílẹ̀ láti bá a yí irin, ẹ́ńjìnì ta padà, irin sì gbá a ní àgbọ̀n. Ọgbẹ́ yìí, wọ́n ní, ló fa ikú rẹ̀. Carter kú ní ọdún 1908. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ gan-an, nítorí ìtàn tó ti ẹnu dé ẹnu kì í dúró sójú kan. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé Leland ké sí Kettering pé kí ó wá ohun tí yóò máa ṣáná sí ọkọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dúró níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe Kettering ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀. Àwọn kan ti lo sípíríìnì, àwọn mìíràn lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì mọ́nú àgbá irin. Ní ti iná mànàmáná, èrò àwọn onímọ̀ ni pé ẹ̀rọ àti bátìrì tó lè yí ẹ́ńjìnì yóò wúwo débi pé ọkọ̀ kò ní lè gbé ẹlòmíràn mọ́. Kettering rántí àpótí owó. Ẹ́ńjìnì pàápàá kò nílò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ kí ó tó gbaná. Ó mú ẹ̀rọ kékeré, ó so ó mọ́ àwọn jíà tó jẹ́ kí yíyí kíákíá tí ẹ̀rọ ń yí di agbára ńlá lára ẹ́ńjìnì, ó sì fi bátìrì sídìí rẹ̀. Ó tún ṣe ohun kan tó wù mí púpọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbaná tán, ipò á yí padà: ẹ́ńjìnì á wá máa yí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Ohun tí ó yá ní òwúrọ̀, ó ń san án padà bí ọkọ̀ ti ń rìn.

Ní oṣù kejì ọdún 1911, wọ́n ti ní ọkọ̀ Cadillac kan tó ń gbaná láìsí irin afọwọ́yí. Àwọn ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó sì kọ́kọ́ ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí àti iná mànàmáná nínú fìtílà iwájú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ife ẹ̀yẹ Dewar dá Cadillac lọ́lá nítorí rẹ̀, ìgbà kejì tí ilé-iṣẹ́ náà yóò gba ife yìí. Ní ọdún 1915, ìjọba Amẹ́ríkà fún Kettering ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Henry Ford ní tirẹ̀ kò kánjú. Ọdún 1919 kí ẹ̀rọ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀ Model T tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Obìnrin, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le ti lè dá wa ọkọ̀ jáde láìwá ẹni tí yóò bá wọn yí irin. Ohun tó sì jọ ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn wà láyé nígbà náà, àwọn obìnrin sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò lò irin afọwọ́yí. Ẹ̀rọ Kettering wà lára ohun tó lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Lónìí ọkọ̀ oníbátìrì ti padà dé, kò sì ní ẹ̀rọ Kettering nínú rárá.

Nínú ọkọ̀ tó ṣì ń mu epo, ẹ̀rọ yìí ni àwọn ríwáyà wa ń pè ní kíkì sítátà. Ó ti kéré sí i, wọ́n sì ti ya iṣẹ́ dídá iná padà sínú bátìrì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òye inú rẹ̀ kò yí padà: agbára ńlá, àkókò kúkúrú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú títí nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣe agídí. Ẹ máà jẹ́ kí ó ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹni tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì mọ bí ọkọ̀ ti í ṣe ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí òtútù bá ti mú kí òróró ẹ́ńjìnì ki; àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jó kíkì wọn.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ yẹ bátìrì wò ná. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí iná iwájú ọkọ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀, bátìrì ni kò lágbára, tàbí kí ó jẹ́ pé orí rẹ̀ ti hu ìpẹtà funfun, wáyà kò sì dì í mú dáadáa. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí ẹ́ńjìnì kò sì mira, ìgbà náà ni kí ẹ fura sí kíkì tàbí wáyà rẹ̀. Yíyọ ọ́ nínú ọgbà ilé ẹni kì í ṣe iṣẹ́ awo, bí ọwọ́ bá ti lè dé ibi tó wà. Kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí bíréèkì ọwọ́ wà lókè, kí òkúta wà lẹ́yìn táyà, kí ẹ́ńjìnì sì ti tutù, nítorí ìtòsí sàlẹ́ńsà ni kíkì sábà máa ń wà. Wáyà bátìrì tó wà ní orí tó ní àmì ìyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ má fojú di èyí. Wáyà tó nípọn tó lọ sídìí kíkì ti inú bátìrì wá tààrà, iná sì wà nínú rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí sípánà bá fara kan òun àti ara ọkọ̀ pọ̀, iná tí yóò ṣẹ́ níbẹ̀ lè jó ènìyàn lọ́wọ́. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ fi ohun tó le tó lè gbé ọkọ̀ tì í lábẹ́.

Bọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń mú kíkì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú wáyà nínípọn kan àti tín-ínrín kan. Ẹ sàmì sí wọn. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé e dúró nígbà tí ẹ bá ń tú bọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, nítorí ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Kí ẹ tó fi tuntun wọlé, ẹ gbé òun àti ògbólógbòó síwájú ara wọn, kí ẹ ka eyín jíà tó wà lẹ́nu wọn, kí ẹ sì wo ihò bọ́ọ̀tì bóyá wọ́n bára mu. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò nítorí pé ọlọ́jà ní ọ̀kan náà ni. Ẹ nu ojú irin ibi tí yóò jókòó sí kí ó mọ́, nítorí ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Wáyà orí bátìrì tí ẹ kọ́kọ́ tú ni kí ẹ so kẹ́yìn. Nígbà mìíràn, èédú kékeré tí wọ́n ń pè ní búrọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán nínú kíkì, ríwáyà tó mọ iṣẹ́ sì lè pààrọ̀ ìyẹn nìkan. Jíà tó ń já jáde lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńdísì, orúkọ ènìyàn ni: Vincent Bendix, ará Amẹ́ríkà tí òun náà gbé láyé nígbà Kettering.

Àṣà kan tún wà tí mo kórìíra. Àwọn kan a máa rá wọ abẹ́ ọkọ̀, wọn a fi sípánà so ẹnu wáyà méjèèjì lára kíkì pọ̀ kí ọkọ̀ lè gbaná. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, yóò gbéra, yóò sì gun ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kí ènìyàn má baà fara pa níwájú ọkọ̀ kò yẹ kó pa á lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Kettering. Ní ọdún 1916, wọ́n ta Delco, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1918 ó ti bọ́ sọ́wọ́ General Motors. Láti ọdún 1920 títí di 1947, Kettering ni olórí iṣẹ́ ìwádìí ilé-iṣẹ́ ńlá náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí. Ó ṣe ẹ́ńjìnì kan tí bàbà àti afẹ́fẹ́ ń mú tutù dípò omi, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ Chevrolet ní ọdún 1923, ó sì já wọn kulẹ̀ débi pé wọ́n ní láti pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Ó dun Kettering tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Alfred Sloan, ọ̀gá General Motors, ló parọwà fún un.

Ìjákulẹ̀ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni a kò lè gbójú fò. Ẹ́ńjìnì ayé ìgbà náà a máa kan gbà-gbà-gbà bí ẹrù bá wọ̀ wọ́n lára, Kettering sì fi Thomas Midgley, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, sídìí ìwádìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1921, Midgley rí i pé bí a bá po èròjà òjé díẹ̀ mọ́ epo, ariwo náà yóò dáwọ́ dúró. Pé òjé ń pa ènìyàn, ìmọ̀ tó ti pẹ́ láyé ni. Wọ́n sì mọ̀ pé ọtí líle tí a pò mọ́ epo lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Òjé ni wọ́n yàn, nítorí pé díẹ̀ ló tó, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú nínú ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey níbi tí wọ́n ti ń pèsè èròjà yìí. Àwọn mìíràn ti kú níbòmíràn. Kettering ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ Ethyl tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti máa tà á, kò sì fà sẹ́yìn. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ewu náà ṣeé kápá.

Kò ṣeé kápá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èéfín ọkọ̀ ń tú òjé sójú afẹ́fẹ́ káàkiri ayé, ó sì ń wọ ara àwọn ọmọdé, níbi tó ti ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà kò bọ́ lọ́wọ́ epo olójé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Àlùjíríà ló sì jáwọ́ kẹ́yìn ní gbogbo àgbáyé, ní ọdún 2021. Èmi kò rí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè kọ ìtàn Kettering kí ó fi èyí pamọ́. Ọwọ́ tó gba irin afọwọ́yí lọ́wọ́ awakọ̀ náà ni ó ti òjé bọ inú epo, ó sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gééré ṣáájú èyí tó ti ń fi òye rẹ̀ ṣe olùtajà lóore.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn kò ṣeé kà tán. Ó lọ́wọ́ nínú ọ̀dà tó ń tètè gbẹ lára ọkọ̀ àti nínú ẹ́ńjìnì dísù tó rọ́pò ẹ̀rọ olóoru nínú ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1945, òun àti Sloan dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní New York, tó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì títí di òní. Ìyàwó rẹ̀, Olive, tó fẹ́ ní ọdún 1905, kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìlú kan lẹ́bàá Dayton ń jẹ́ Kettering, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Flint sì di Yunifásítì Kettering ní ọdún 1998.

Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1958 ni ó jáde láyé, ní ẹni ọdún 82. Itẹ́ Woodland ní Dayton ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, níbi tí Wilbur àti Orville Wright, àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò, ti wà pẹ̀lú.